Bí Ṣẹ́ẹ̀kì Ṣe Di Àwòrán

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 1659, Nicholas Vanacker kọ̀wé sí Morris àti Clayton, àwọn akọ̀wé tó ń bá èèyàn tọ́jú owó ní London, pé kí wọ́n san 400 pọ́n-ùn fún Ọ̀gbẹ́ni Delboe. Ìwé náà ṣì wà títí di òní, ó sì wà lára àwọn ṣẹ́ẹ̀kì tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí a mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: orúkọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá, iye owó, ọjọ́, àti ìbuwọ́lùwé ẹni tó ni owó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ni ṣẹ́ẹ̀kì ń gbé kiri lẹ́yìn ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ. Èyí tó ń yí padà láti ìran dé ìran ni ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà délé, iye ọjọ́ tó ń lò lójú ọ̀nà, àti ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ti san owó tán.

Bí báǹkì ti ń pọ̀ sí i ní London, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn ẹsẹ̀ àwọn akọ̀wé wọn ń pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá kó ṣẹ́ẹ̀kì báǹkì mìíràn wá sí báǹkì tirẹ̀ ti bẹ akọ̀wé kan níṣẹ́: akọ̀wé náà yóò gbé ìwé lọ sí báǹkì kejì, yóò gba owó, yóò sì gbé e padà. Ní nǹkan bí ọdún 1770, ìrìn yìí sú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Five Bells, ní àgbègbè Lombard Street, wọ́n ń fi ṣẹ́ẹ̀kì lé ara wọn lọ́wọ́, iye tí ẹnì kan fi jẹ ẹnì kejì lé nìkan ni wọ́n sì ń san. Ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ dá sílẹ̀ láti fi sinmi ẹsẹ̀, àwọn ọ̀gá gbà á gẹ́gẹ́ bí ètò; nígbà tó di 1833, ilé tí wọ́n kọ́ fún un ti dúró ní Lombard Street. Lẹ́yìn náà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1882 fi ìdí iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì múlẹ̀. Òfin náà béèrè pé kí wọ́n gbé ìwé fúnra rẹ̀ wá síwájú báǹkì tó máa san owó. Ìbéèrè kékeré yìí ló darí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní gbogbo ibi tí àsíá rẹ̀ dé.

Àwọn báǹkì New York ti gba àṣà London ní oṣù Kẹwàá 1853, nígbà tí báǹkì 52 kóra jọ dá ilé ìpàṣípààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì tiwọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà fẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún báǹkì kéékèèké ló sì wà káàkiri rẹ̀. Báǹkì ìlú kékeré a máa yọ owó díẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀kì tó bá ti òde wá, nítorí náà ni àwọn tó mú ṣẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ fi ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọn kò fi ní san án. James Cannon, ẹni tó kọ ìwé lórí àwọn ilé ìpàṣípààrọ̀ ní 1900, sọ ìtàn ṣẹ́ẹ̀kì báǹkì Sag Harbor kan, ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n san sí báǹkì ní Hoboken, New Jersey. Ìlú méjèèjì kò jìnnà tó 150 máìlì síra. Ṣẹ́ẹ̀kì náà gba Boston, Tonawanda àti Albany kọjá kí ó tó délé, ó sì rin ju 1,000 máìlì lọ. Irú ìrìnkèrindò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá Federal Reserve, báǹkì àgbà orílẹ̀-èdè náà, sílẹ̀ nípa òfin oṣù Kejìlá 1913. Nígbà tó di 1916, ó ti ń gba ṣẹ́ẹ̀kì láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ láìyọ nǹkan kan lórí rẹ̀.

Láàrin àkókò yìí kan náà ni ṣẹ́ẹ̀kì gúnlẹ̀ sí Èkó. African Banking Corporation ṣí ilé síbẹ̀ ní 1892, Bank of British West Africa sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1894. Ìjọba amúnisìn àti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ló ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì. Àgbẹ̀ kòkó àti ìyálọ́jà, owó tí wọ́n lè kà lójú ara wọn ni wọ́n fọkàn tán. Òfin ṣẹ́ẹ̀kì tí Nàìjíríà gbà ní 1917 jẹ́ ọmọ òfin 1882, ìbéèrè pé kí ìwé fúnra rẹ̀ fojú hàn ní báǹkì sì bá a wọlé. National Bank of Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 1933, Agbonmagbe Bank tí Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá sílẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1945, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá sì tipasẹ̀ wọn di ẹni tó ní ìwé sọ̀wédowó tirẹ̀ lápò.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ṣẹ́ẹ̀kì pọ̀ kọjá agbára ọwọ́ èèyàn. Ní California, ó di dandan kí àwọn ẹ̀ka Bank of America máa ti ilẹ̀kùn ní aago méjì ọ̀sán kí àwọn akọ̀wé lè ráyè kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sínú ìwé. Báǹkì náà gbé ìṣòro rẹ̀ lọ sí Stanford Research Institute, ní 1955 sì ni wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní ERMA han àwọn èèyàn. Ohun tó ti inú iṣẹ́ yẹn jáde tó sì pẹ́ jù ú lọ ni ìlà nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì, tí wọ́n fi yíǹkì olóòfà tẹ̀, tí ẹ̀rọ ń kà kódà bí òǹtẹ̀ bá wà lórí rẹ̀. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti tàn dé London àti Èkó, ó sì wà lára ṣẹ́ẹ̀kì wọn títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀rọ ti wá ń to ìwé, ó ń kà á, ó ń ṣírò rẹ̀. Kò tíì lè gbà á lọ́wọ́ ìrìn àjò.

Àwọn ọjọ́ ìrìn àjò wọ̀nyẹn sì di dúkìá fún àwọn kan. Òṣìṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ ń wọlé ní ọjọ́ Ẹtì lè kọ ṣẹ́ẹ̀kì owó ilé ní Ọjọ́rú. Kò sí owó ní àkáǹtì lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé owó oṣù yóò ṣáájú ìwé dé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n a mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣẹ́ẹ̀kì báǹkì ìlú jíjìn san gbèsè, kí owó lè jókòó sọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, kí ó máa pa èlé. Àwọn ọ̀jáfáfá nínú jìbìtì a kọ ṣẹ́ẹ̀kì báǹkì kan sí òmíràn, wọ́n a tún kọ ti òmíràn padà sí i, títí owó tí kò sí níbì kankan yóò fi dà bí ẹni pé ó wà níbi méjèèjì. Ẹni tó gba ṣẹ́ẹ̀kì ni ojú ń pọ́n. Báǹkì a di owó rẹ̀ mú fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n a ní kò tíì kílíà. Igbe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló bí òfin 1987, èyí tó fi gbèdéke sí i. Nígbà tí òfin náà rinlẹ̀ ní 1990, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni fún ṣẹ́ẹ̀kì àdúgbò, márùn-ún fún ti ọ̀nà jíjìn.

Nǹkan kan wà tí oníbàárà Amẹ́ríkà ní nígbà náà tí kò ka sí pàtàkì títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìparí oṣù, àpò ìwé kan a ti báǹkì dé, gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì tó kọ a sì padà wá bá a nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ báǹkì lójú, ìbuwọ́lùwé ẹni tó gba owó lẹ́yìn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí tó ń kó o sí. Ìwé wọ̀nyí ni ẹ̀rí níwájú agbowó-orí, níwájú adájọ́, àti níwájú onílé tó bá ní òun kò rí owó gbà. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló kọ́kọ́ já àṣà náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀kì tiwọn lẹ́yìn 1974, wọn kì í dá ìwé padà. Ẹ̀dà kábọ̀n tó kù nínú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì ni ọmọ ẹgbẹ́ ń tọ́jú. Láàrin 1990 sí 2000, nígbà tí kọ̀ǹpútà ti lágbára tó láti tọ́jú àwòrán, àwọn báǹkì kan ń tẹ àwòrán kéékèèké ránṣẹ́ dípò ṣẹ́ẹ̀kì. Oníbàárà tó bá kọ̀ ọ́ ṣì lè béèrè ìwé rẹ̀, nítorí ìwé náà ṣì ní láti dé báǹkì rẹ̀ kí owó tó jáde.

Ní Nàìjíríà, ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Central Bank of Nigeria ṣílẹ̀kùn ní oṣù Keje 1959, ilé ìpàṣípààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì ti Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n kọ ní Ìbàdàn tàbí Kánò ní láti gba títì wá, ẹni tó bá gbà á ní Èkó lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó mọ̀ bóyá owó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò ní owó nídìí. Ìjọba ológun fi òfin 44 ti 1977 dojú kọ ọ́: ẹni tó bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí báǹkì dá padà nítorí àìsí owó, láàrin oṣù mẹ́ta tó kọ ọ́, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì láìsí àyè owó ìtanràn. Òfin náà wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn oníṣòwò tó ń sọ pé owó gidi làwọn ń gbà, àwọn kì í gba ṣẹ́ẹ̀kì, náà wà níbẹ̀.

Ohun tó ti ayé ìwé ṣubú dé ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án 2001. Ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà lóru. Nígbà tí àwọn apániláyà kọlu New York àti Washington, ìjọba pàṣẹ kí gbogbo ọkọ̀ òfurufú balẹ̀, ṣẹ́ẹ̀kì sì bá wọn jókòó sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ètò rẹ̀, Federal Reserve ti ń san owó sí àkáǹtì báǹkì tó mú ṣẹ́ẹ̀kì wá, kò sì lè yọ ọ́ lára báǹkì tó yẹ kó san án, nítorí ìwé kò dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Owó tó tipa bẹ́ẹ̀ wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í sábà tó bílíọ̀nù kan dọ́là, kọjá bílíọ̀nù 40 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀. Ìwé ni kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di kánjúkánjú. Ààrẹ George W. Bush buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní Check 21 ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá 2003, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún kan gééré lẹ́yìn rẹ̀. Kò fi tipátipá mú báǹkì kankan láti gba àwòrán. Ó dá ẹ̀dà àfirọ́pò sílẹ̀: báǹkì tó gba ṣẹ́ẹ̀kì lè ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó fi àwòrán ránṣẹ́, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tuntun lọ́dọ̀ báǹkì tó bá ṣì ń fẹ́ ìwé. Bí ẹ̀dà náà bá pé, tí gbólóhùn tí òfin là sílẹ̀ sì wà lára rẹ̀, agbára tó ní níwájú òfin kò yàtọ̀ sí ti ìwé tí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Báǹkì tó kọ àwòrán kò lè kọ ẹ̀dà. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé ìwé kiri tipa báyìí tán, láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ pé kí wọ́n jáwọ́.

Àwọn aṣòfin mọ̀ pé àwòrán lè jáde lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ó má hàn dáadáa, wọ́n sì fi ààbò lélẹ̀ fún oníbàárà. Ẹni tí wọ́n bá yọ owó rẹ̀ lọ́nà àìtọ́ nítorí ẹ̀dà àfirọ́pò ní ọjọ́ 40 láti fẹ̀sùn kan báǹkì rẹ̀. Bí báǹkì kò bá rí ọ̀rọ̀ náà yanjú láàrin ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ó ní láti dá owó padà títí dé 2,500 dọ́là, kí ó sì dá ìyókù padà láàrin ọjọ́ 45. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ẹ̀dà náà lé lọ́wọ́ nìkan ni ààbò yìí wà fún. Bí àwọn báǹkì ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ síra wọn tààràtà, tí ẹ̀dà orí ìwé sì ń ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó lè lo ààbò náà ń dín kù. Ẹni tó kàn rí àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, àwọn òfin àtijọ́ àti àdéhùn àkáǹtì rẹ̀ ni yóò tọ̀ lọ.

Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ Check 21 kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn. Ṣẹ́ẹ̀kì ń yára jáde lápò ẹni tó kọ ọ́, èyí tó kọ lówùúrọ̀ lè délé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà tàbí lọ́jọ́ kejì, owó ìtanràn sì ń dúró de ẹni tó ń fi Ọjọ́rú ṣọ́ ọjọ́ Ẹtì. Gbèdéke ọjọ́ tí báǹkì lè fi di owó mú lọ́wọ́ ẹni tó gba ṣẹ́ẹ̀kì, ní tirẹ̀, kò yí padà. Ibi tí àyípadà ti wá ni Federal Reserve fúnra rẹ̀. Ní 2003, ilé 45 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì. Ó ń tì wọ́n pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì di 2010, Cleveland nìkan ló kù fún ṣẹ́ẹ̀kì orí ìwé. Nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ti di àdúgbò kan ṣoṣo, kò sí ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀nà jíjìn mọ́ lójú òfin 1987, ọjọ́ márùn-ún sì di méjì. Ẹni tó gba ṣẹ́ẹ̀kì Maine ní Texas jèrè ọjọ́ mẹ́ta láìsí pé ilé aṣòfin tún jókòó.

Ìwé ní tirẹ̀ kò padà wálé mọ́. Báǹkì tó kọ́kọ́ gbà á ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n a gé e wẹ́wẹ́. Àpò ìwé ìparí oṣù di àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó rọrùn láti wá, tí omi kò lè bà jẹ́, tí a sì lè rí láti ibikíbi. Àwọn tó ń yẹ ayédèrú ìbuwọ́lùwé wò rí ìyàtọ̀ mìíràn nínú rẹ̀: àwòrán kì í fi agbára tí ọwọ́ fi tẹ bírò hàn, kì í pa yíǹkì méjì tó jọra mọ̀ yàtọ̀, kò sì ní ìka ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára.

Ní 2009, ẹ̀rọ ayàwòrán bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà. USAA, báǹkì àwọn sójà àti ẹbí wọn, tó jẹ́ pé San Antonio ni ó fi ṣe ibùdó, tí ẹ̀ka rẹ̀ kò sì tó nǹkan, jẹ́ kí oníbàárà máa fi fóònù ya ṣẹ́ẹ̀kì, kí ó sì fi ránṣẹ́ láti ibi tó bá wà. Àwọn báǹkì yòókù tẹ̀ lé e. Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ya àwòrán tán, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, ó sì lè gbé e lọ sí báǹkì mìíràn, yálà nínú ìgbàgbé tàbí nínú ọgbọ́n àrékérekè. Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Keje 2018 gbé àdánù náà lé báǹkì tó gba àwòrán lórí, àyàfi bí ìwé bá ní àkọlé lẹ́yìn tó sọ pé fóònù nìkan ni wọ́n gbà á fún. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ báǹkì ti ń ní kí oníbàárà kọ gbólóhùn kékeré yẹn sábẹ́ ìbuwọ́lùwé rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, fẹ́ gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Ní oṣù Kejìlá 2009, àjọ tó ń bójú tó ètò ìsanwó níbẹ̀ kéde pé ṣẹ́ẹ̀kì yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2018. Àwọn arúgbó àti ẹgbẹ́ aláàánú fárígá, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì fagi lé ìkéde náà ní oṣù Keje 2011. Àwòrán ni wọ́n wá fi dí àlàfo náà. Òfin 2015 yọ̀ǹda kí àwòrán dúró fún ìwé, ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá 2017, ó sì kárí gbogbo báǹkì ní 2019. Owó ṣẹ́ẹ̀kì tí oníbàárà ń dúró dè fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà tẹ́lẹ̀ wá ń dé ọwọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ kejì tó parí. Oṣù tí wọ́n fẹ́ sin ṣẹ́ẹ̀kì dé, ó sì bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Nàìjíríà ti ṣáájú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀. Àwọn báǹkì ti kóra jọ dá NIBSS sílẹ̀ ní 1993 láti máa so iṣẹ́ wọn pọ̀, ẹ̀rọ sì ti gba ìpàṣípààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì Èkó lọ́wọ́ èèyàn ní 2002. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní 2010, Central Bank pàṣẹ pé ṣẹ́ẹ̀kì kan kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 10 náírà lọ. Òfin ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde láyè ní kóòtù, bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ 2012, ìwé dẹ́kun ìrìn ní Èkó: báǹkì tó bá gba ṣẹ́ẹ̀kì a yà á, a tọ́jú rẹ̀, àwòrán a sì lọ. Ẹni tó san ṣẹ́ẹ̀kì sí àkáǹtì lónìí ń rí owó rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì, níbi tí ó ti ń dúró fún ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀, àǹfààní náà sì pọ̀ jù fún àwọn ìlú tó jìnnà sí Èkó. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí náà ń tètè padà, ẹni tó ta ọjà lé e lórí kò sì ní pẹ́ nínú ìrètí asán.

Nítorí pé àwòrán ni báǹkì tó máa san owó yóò rí, bí wọ́n ṣe tẹ ìwé di ọ̀rọ̀ tó le. Central Bank gbé ìlànà tuntun jáde lórí irú bébà, àwọ̀ àti àmì ààbò tí ṣẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ ní, àwọn tí àjọ náà fọwọ́ sí nìkan ló sì lè tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin 2021, ṣẹ́ẹ̀kì àtijọ́ kò kọjá mọ́. Ìwé ṣẹ́ẹ̀kì tó ṣẹ́ kù sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀pọ̀ oníbàárà di bébà lásán. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìfowóránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí NIBSS bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ti gba àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ ṣẹ́ẹ̀kì. Ẹni tí owó lè wọ àkáǹtì rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan kò rí ohun tí yóò fi ọjọ́ kejì ṣe.

Ọ̀nà kan náà ni Amẹ́ríkà ń tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣẹ́ẹ̀kì tí wọ́n san níbẹ̀ ju bílíọ̀nù 40 lọ ní 2000. Ní 2021, nǹkan bí bílíọ̀nù 11 ni. Ní oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ kí ìjọba àpapọ̀ dẹ́kun sísan owó pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì, ó fi ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ṣe gbèdéke, ó sì yọ̀ǹda fún àwọn tí kò ní àkáǹtì báǹkì láti tọrọ àyè.